Ìyẹ̀ Igi: Bí Káfíńtà Ṣe Lè Mú Un Kí Ó Tó Dé Ẹ̀dọ̀fóró

Ó ti pẹ́ tí ó ti wà ní ọkàn wa láti bá àwọn òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n tí ń jẹ ìlera àwọn ọkùnrin tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ bọ́ aya àti ọmọ. Ohun náà ni ìyẹ̀ igi, tí àwọn káfíńtà ń pè ní sọ́dọ́ọ̀sì. Ilé wo ni ó wà ní Ilé-Ogbó tí a kò lè rí àga, tábìlì, ilẹ̀kùn tàbí bẹ́ẹ̀dì tí káfíńtà kàn? Bí iṣẹ́ náà bá dán, a ó yìn ín, a ó sì san owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ó bèèrè rí ohun tí ẹni tí ó ṣe é fà símú kí ó tó parí rẹ̀?

Ilé-Ogbó ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ayédire ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò sì jìnnà sí Ìwó. Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú wa gbogbo, ìsọ̀ káfíńtà tí a ń rí ní etí títì kì í sábà tóbi: páànù ní òkè, pákó ní ẹ̀gbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, iwájú sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀gá kan ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ní ayé àtijọ́, ayùn ọwọ́, ìfági, òòlù àti ìṣó ni gbogbo ẹrù wọn. Lónìí, ẹ̀rọ ayùn wà, ẹ̀rọ ìfági wà, ẹ̀rọ tí ń fi sánpépà dán igi sì wà. A kò bá ẹ̀rọ jà rárá, nítorí iṣẹ́ tí ó ń gba ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ rí lè parí ní òwúrọ̀ kan nísinsìnyí. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé, ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ tí ń da ìyẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ kí ó pèsè ohun tí yóò kó ìyẹ̀ náà pẹ̀lú.

“Bàbá mi ṣe é, ó sì dàgbà”

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò wí pé, “Bàbá mi ṣe iṣẹ́ yìí ní ogójì ọdún, kò fi nǹkan kan bo imú, ó sì dàgbà kí ó tó lọ.” Ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo irú ìyẹ̀ tí bàbá náà bá pàdé. Nígbà tí àwọn alágbára méjì ń la gẹdú pẹ̀lú ayùn gígùn, tí ọ̀kan wà lórí igi, tí èkejì sì wà nínú kòtò ní ìsàlẹ̀, gbangba oko ni wọ́n wà, ìyẹ̀ tí ó sì ń jáde rí bí gàrí. Ó wúwo, ó sì ń bọ́ sílẹ̀ lójú kan náà. Bí bàbá náà bá sì mú ìfági ọwọ́, ìfági a máa bó igi bí ìyàwó ti ń bó iṣu. Èèpo igi ni ó ń jáde, kì í ṣe ìyẹ̀.

Ẹ̀rọ ayùn tí ń yí fíofío a máa lọ igi kúnná títí yóò fi rí bí ẹ̀lúbọ́. Sánpépà tí iná mànàmáná ń yí a sì máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi rí bí àtíkè tí ìyá fi ń pa ọmọ lára. Ohun tí ó rí bí gàrí a máa bọ́ sí ẹsẹ̀ wa. Èyí tí ó rí bí ẹ̀lúbọ́ a máa dúró sí imú àti ọ̀fun. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kúnná ju àtíkè lọ ni ó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Àwọn àgbà wa pàápàá mọ bí ìyẹ̀ igi ti lè kúnná tó, nítorí ìyẹ̀rosùn tí babaláwo ń dà sí ojú ọpọ́n, ìyẹ̀ igi ìrosùn ni, tí kòkòrò jẹ kúnná. Bí ènìyàn bá mí sí i díẹ̀, yóò fò. Nítorí náà, iṣẹ́ bàbá àti iṣẹ́ ọmọ jọ ń jẹ́ iṣẹ́ káfíńtà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ohun tí ojú kò rí

Èyí tí ó burú jù nínú ìyẹ̀ igi, ojú lásán kò lè rí i. Bí a bá to 100 nínú rẹ̀ sí ìlà kan, gígùn gbogbo wọn lè má ju mìlímítà kan lọ. Ìyẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í tètè bọ́ sílẹ̀. Ó lè wà nínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dákẹ́, tí ọ̀gá ti lọ jẹun, tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì ti tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ kan láti sinmi nínú ìsọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìyẹ̀ yìí ń wọ àyà ènìyàn.

Ohun tí a máa ń kọ́kọ́ rí ni kí imú máa ṣomi, kí ojú máa ta, kí ara máa yún ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ tí kò lọ. Àwọn mìíràn a sì ní ikọ́ fée, èyí tí ń mú kí àyà há mọ́ wọn lóru, tí èémí wọn yóò máa dún bí fèrè. Ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, O. M. Ige àti O. B. Onadeko ṣe ìwádìí nípa àwọn aṣiṣẹ́ ilé ìlagi ní Ìbàdàn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2000. Ìṣòro èémí àti agbára tí ẹ̀dọ̀fóró àwọn aṣiṣẹ́ náà ní láti mí ni wọ́n yẹ̀ wò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni èyí.

Àrùn kan tún wà tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ High Wycombe, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí àga tí wọ́n ń kàn níbẹ̀. Esme Hadfield, obìnrin oníṣègùn imú àti ọ̀fun, ṣàkíyèsí pé àrùn jẹjẹrẹ inú imú, tí kì í wọ́pọ̀ láàrin ènìyàn, ń pọ̀ láàrin àwọn tí ń kàn àga. Òun pẹ̀lú E. D. Acheson, R. H. Cowdell àti R. G. Macbeth tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1968. Ní 1969, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka àrùn náà kún àwọn tí iṣẹ́ ń fà, kí ẹni tí ó bá mú lè gba owó ìrànlọ́wọ́. Ní 1995, àjọ tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó wà ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé jáde tí ó fi ìyẹ̀ igi sí ìpele kìíní nínú àwọn ohun tí a mọ̀ dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àrùn jẹjẹrẹ inú imú ṣọ̀wọ́n títí di òní, ikọ́ àti ikọ́ fée ni ó wọ́pọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ yìí kì í yọjú ní ọdún tí a fa ìyẹ̀ náà símú. Lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó sábà máa ń dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ń fi sánpépà ha igi lónìí, ìgbà tí ó bá di bàbá ọlọ́mọ ni yóò mọ ohun tí ó rà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ìdajì hóró oògùn

Báwo ni ìyẹ̀ ti gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí ó tó di ewu? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò gbà kí ìyẹ̀ igi líle tí òṣìṣẹ́ ń mí láàrin wákàtí mẹ́jọ ju mílígíráàmù 3 lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó para pọ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù sì ti sọ ọ́ di 2 láti 2023. Ẹ jẹ́ kí a wá mú ìsọ̀ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 12, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 10. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó mítà kúbíìkì 68. Bí a bá fi 3 sọ 68 di púpọ̀, yóò jẹ́ mílígíráàmù 204.

Hóró paracetamol kan tí a ń rà ní ọjà, 500 mílígíráàmù oògùn ni ó wà nínú rẹ̀. Èyí já sí pé bí a bá lọ igi tí kò wúwo ju ìdajì hóró paracetamol lọ kúnná, tí a sì fẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ gbogbo ìsọ̀ náà, ó ti kọjá òṣùwọ̀n. Kí wá ni a ó wí nípa ìsọ̀ tí ìyẹ̀ ti bo òkè àjà, tí ó ti bo aṣọ, tí ó sì ti sọ irun orí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ di funfun?

Ọ̀nà rírọrùn kan wà láti fi ojú ara wa rí i. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dákẹ́ tó ìdajì wákàtí, kí ọ̀gá wọ inú ìsọ̀ kí ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí inú òkùnkùn láti ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí yóò rí tí ń rìn nínú ìmọ́lẹ̀ náà ni ohun tí òun àti àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń fà símú. Kò sí ìwàásù tí ó tó èyí.

Igi kò rí bákan náà

Ó yẹ kí káfíńtà mọ̀ pé igi ju igi lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìrókò, tí gbogbo wa fẹ́ràn fún ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ìyẹ̀ rẹ̀ a máa yún ara, ó sì lè fa ikọ́ fée. Arère rọ̀, ó sì fúyẹ́, àwọn ènìyàn a sì máa rò pé kò lè ṣe ènìyàn ní nǹkan kan. Síbẹ̀ àwọn oníṣègùn ti rí i pé òun náà a máa fa ikọ́ fée. Ìyẹ̀ mansonia a máa ta nínú imú gan-an, oró kan sì wà nínú igi náà tí ó lè dààmú ọkàn. Nítorí náà, ẹni tí ó ń kó ìyẹ̀ lọ tẹ́ sí abẹ́ adìyẹ, kí ó bèèrè irú igi tí ó ti jáde. Pákó tí a fi àtè lẹ̀ pọ̀, àti èyí tí a ti kùn ní oògùn kòkòrò, a máa fi ewu tiwọn kún ti igi. Kí a má ṣe fi ìyẹ̀ wọn dáná láti se oúnjẹ.

Kí a mú un níbi tí a ti bí i

Wàyí o, kí ni ṣíṣe? Òfin kan ṣoṣo ni ó wà, gbogbo ìyókù sì tẹ̀lé e: kí a mú ìyẹ̀ níbi tí a ti bí i, kí ó tó fọ́nká. Ìyẹ̀ tí ó ti fò sínú afẹ́fẹ́ dà bí adìyẹ tí ó ti já lọ́jà. Fáànù tí a gbé kọ́ sí àjà kì í kó ìyẹ̀; ńṣe ni ó ń rò ó bí ẹni ń ro àmàlà.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a bo ẹ̀rọ náà. Abẹ́ ẹ̀rọ ayùn onítábìlì sábà máa ń ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìyẹ̀ púpọ̀ ń gbà jáde. Kí a fi pákó fẹ́ẹ́rẹ́ kan àpótí sí abẹ́ rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ àpótí náà dagun, kí a sì dá ihò kan sí i fún páìpù. Kí a ṣe ìdérí sí ẹnu ẹ̀rọ ìfági pẹ̀lú. Àwọn alájòópọ̀ irin tí ó wà ní ìlú lè fi páànù ṣe èyí. Bí ẹnu ìdérí bá ti sún mọ́ ibi tí igi ti ń gé tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára tí a nílò yóò ti kéré tó.

Lẹ́yìn èyí ni fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́. Irú méjì ni ó wà, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ẹ̀rọ agbálẹ̀ tí ó ní ọ̀nà ọ̀fun tóóró a máa fà gidigidi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó ń gbà kò pọ̀. Òun ni ó yẹ ẹ̀rọ sánpépà ọwọ́. Fáànù onílé irin, tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì 4, kì í fà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ púpọ̀ ni ó ń kó lọ. Òun ni ó yẹ ẹ̀rọ ayùn àti ẹ̀rọ ìfági. Kí èérún igi má bàa dúró sójú ọ̀nà, afẹ́fẹ́ inú páìpù gbọ́dọ̀ máa sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan. Nínú páìpù oní íǹṣì 4, èyí jẹ́ nǹkan bí 350 ẹsẹ̀ bàtà kúbíìkì afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Fáànù bẹ́ẹ̀ yóò fa afẹ́fẹ́ tí ó tó ti gbogbo ìsọ̀ tí a ṣírò lókè yìí láàrin ìṣẹ́jú 7.

Páìpù ńkọ́? Kí ó kúrú, kí ó tọ́, kí inú rẹ̀ sì dán. Rọ́bà oníkókó tí ó rí bí ọ̀fun a máa jí agbára afẹ́fẹ́ gbé, kí a lo ìwọ̀nba rẹ̀. Níbi tí páìpù bá gbọ́dọ̀ yí, kí ó yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìgbọ̀nwọ́ méjì tí ó tẹ̀ díẹ̀ sàn ju ọ̀kan tí ó ṣẹ́ lójijì lọ. Bí ẹ̀rọ bá ju ọ̀kan lọ, kí a ṣe ilẹ̀kùn pákó kékeré sí ẹ̀ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó jẹ́ pé ti ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ nìkan ni yóò ṣí. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá oríkèé kan ń jò, kí a fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sún mọ́ ọn. Bí bébà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ ń jò. Kí a má ṣe fi iná tàbí èéfín dán an wò, nítorí ìyẹ̀ igi a máa gbiná kíákíá.

Dúrọ́ọ̀mù tí ń ṣe bí ààjà

Ní àárín ẹ̀rọ àti fáànù ni kí a gbé dúrọ́ọ̀mù irin sí. Ohun èlò yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1885 ni John M. Finch gba ìwé ẹ̀rí ìjọba Amẹ́ríkà lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: páìpù tí ó ń kó ìyẹ̀ bọ̀ yóò wọlé láti ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù, nítòsí òkè, kì yóò sì kọjú sí àárín, ṣùgbọ́n yóò fi ẹ̀gbẹ́ ra ògiri. Afẹ́fẹ́ yóò wá máa yí po nínú rẹ̀ bí ààjà tí a ń rí nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ohun tí ó wúwo yóò lọ kọ lu ògiri, yóò sì bọ́ sí ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ yóò gba páìpù kejì jáde, èyí tí ó ti àárín ìdérí wọlé tí ó sì gùn wọ inú lọ díẹ̀ ju ibi tí páìpù àkọ́kọ́ ti wọlé lọ.

Kí a fi rọ́bà inú táyà dí etí ìdérí, nítorí bí ó bá ń jò, ìyẹ̀ kì yóò dúró nínú rẹ̀. Kí a sì máa dà á nù kí ó tó kún dé ìdajì. Dúrọ́ọ̀mù yìí a máa gba fáànù là pẹ̀lú, nítorí ìṣó àti ègé igi kì yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìyẹ̀ tí ó kúnná jù lọ ni yóò ṣẹ́kù nínú afẹ́fẹ́ tí ó bá jáde, ọ̀rọ̀ sì dé ibi tí ó yẹ kí a ti ronú ara wa. Ní ilẹ̀ òyìnbó, nítorí òtútù, wọn kì í fẹ́ da afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti fi owó mú gbóná síta. Wọ́n a fi asẹ́ olówó ńlá sẹ́ ẹ, wọn a sì dá a padà sínú ilé. Àwa kò ní òtútù bẹ́ẹ̀. Ní Ilé-Ogbó, káfíńtà lè da afẹ́fẹ́ náà síta, kí ó má sì ra asẹ́ olówó ńlá rárá. Àpò aṣọ tí kò dí dáadáa, tí a so mọ́ fáànù nínú ìsọ̀, ńṣe ni yóò máa fọ́n ìyẹ̀ kíkúnná sí ojú gbogbo ènìyàn.

Ṣùgbọ́n ilé aládùúgbò kì í ṣe ààtàn. Kí ẹnu páìpù náà ga ju òrùlé lọ, kí ó má sì kọjú sí ilé ìwé, kànga, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta oúnjẹ. Kí a rántí pẹ̀lú pé afẹ́fẹ́ ìgbà òjò láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ó sábà ń wá, ti ọyẹ́ sì ń wá láti àríwá ìlà-oòrùn. Ibi tí ó dára ní oṣù Òkúdù lè má dára ní oṣù Ọ̀pẹ.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́yìn. Agbára ẹṣin kan jẹ́ wáàtì 746, nígbà tí fáànù bá sì ń gbéra, yóò fẹ́ ìlọ́po mélòó kan èyí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn fi ń ṣeré pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé e pẹ̀lú ẹ̀rọ ayùn. Ẹni tí ó ní ẹ́ńjìnnì kan tí ó fi bẹ́líìtì yí ayùn rẹ̀ lè jẹ́ kí onímọ̀ fi bẹ́líìtì kejì yí fáànù. Ìgbàkígbà tí ayùn bá ń ṣiṣẹ́, fáànù náà yóò máa ṣiṣẹ́. Kí a bo àwọn bẹ́líìtì náà, kí ó má bàa gbé aṣọ tàbí ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí owó kò bá tó

Bí agbára ọ̀gá kò bá tí ì ká gbogbo èyí, kí ó má ṣe ká ọwọ́ gbera. Kí ó gbé iṣẹ́ sánpépà lọ sí gbangba, kí ẹni tí ń ṣe é dúró ní ibi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa gbé ìyẹ̀ lọ kúrò lójú rẹ̀. Kí a fi irin pẹlẹbẹ tí ẹnu rẹ̀ mú ha igi kí a tó mú sánpépà, nítorí ó ń bó igi ni, kò lọ̀ ọ́. Kí a wọ́n omi sí ilẹ̀ kí a tó gbá a. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí a fi ń fẹ́ táyà gbọn ìyẹ̀ kúrò lára aṣọ tàbí tábìlì.

Ìbòmú náà dára, ṣùgbọ́n òun ni ó kẹ́yìn nínú ìlà, kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́. Áńkáṣíìfù tí a so mọ́ imú kò dá ìyẹ̀ kíkúnná dúró, ìbòmú aláwọ̀ búlúù tí a lò ní ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn 2020 kò sì fún mọ́ ojú. Èyí tí a ń pè ní N95 ni ó ń dá ó kéré tán 95 dúró nínú 100, bí ó bá fún mọ́ ojú dáadáa. Irùngbọ̀n kì í jẹ́ kí ó fún.

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá àti bàbá

Ẹ̀yin ìyá ilé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Aṣọ iṣẹ́ tí baálé wọ̀ wálé, ìyẹ̀ ọjọ́ náà wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n nínú yàrá, ọmọ ọwọ́ yóò fà á símú. Ó sàn kí baálé ní aṣọ kan tí yóò máa wà ní ìsọ̀, kí ó fọ ojú, ọwọ́ àti orí kí ó tó wálé, kí ẹ sì rẹ aṣọ náà sínú omi kí ẹ tó fọ̀ ọ́, lọ́tọ̀ sí ti àwọn ọmọ. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ lọ sí ìsọ̀, kí ó wà ní bíbò, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ ní ìta.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, òun ni ó sì wà lọ́kàn wa jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìsọ̀, ọ̀gá ni ó ń dúró ti ayùn. Ta ni a ń fún ní sánpépà? Ọmọ tí ó kéré jù ni. Ta ni ó ń gbálẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́? Òun náà ni. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ìyẹ̀ tí ó kúnná jù ni ó ń bọ́ sí imú ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tí ì gbó, tí kò sì lè sọ fún ọ̀gá pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àyà ń dùn mí.” A kò rò pé ìkà ni àwọn ọ̀gá, bí a ti kọ́ àwọn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti bo ẹ̀rọ àti láti tan fáànù ní ọdún àkọ́kọ́, kì yóò fi í sílẹ̀ nígbà tí ó bá di ọ̀gá.

Nígbà tí a bá mú ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá láti kọ́ṣẹ́, ohun méjì ni a ń bèèrè kí a tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: ọdún mélòó ni yóò lò, àti èló ni a ó san? Kí ẹ̀yin òbí fi ìbéèrè kẹta kún un. Ẹ bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé, “Ọ̀gá, níbo ni ìyẹ̀ igi ń gbà jáde nínú ìsọ̀ yín?” Bí òbí mẹ́wàá bá bèèrè ọ̀rọ̀ yìí ní Ilé-Ogbó, ní Kúta, ní Olúpọ̀nnà àti ní Ìwó, dúrọ́ọ̀mù àti fáànù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní àwọn ìsọ̀ wa láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Ìlera ni oògùn ọrọ̀, kò sì sí ọrọ̀ kan nínú iṣẹ́ ọwọ́ tí ó tó kí ọmọ parí ẹ̀kọ́, kí ó gba òmìnira rẹ̀, kí èémí rẹ̀ sì já gaara.